Script tó ń so subtitle tó fọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀: ohun tí mo rí nínú èyí tí mo rà ní Yaba

Ẹni tó bá ń fi subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fídíò, ṣiṣẹ́ jẹ ní Èkó yóò ti mọ wàhálà fáìlì SRT (fáìlì tó ń kó ọ̀rọ̀ náà àti àkókò tí yóò hàn pọ̀) tí ẹ̀rọ kọ fúnra rẹ̀, nínú èyí tí gbólóhùn kan ṣoṣo lè fọ́ sí mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ní nọ́ńbà àti àkókò tirẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ra script kan, ètò kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi èdè Python kọ, ní ₦15,000 lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Yaba, nítòsí ọjà Tẹ́júoṣó.

Síso ọ̀rọ̀ pọ̀ kò le. Àkókò ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni script yìí ti gba oríyìn. Bí «Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó» bá bẹ̀rẹ̀ ní 00:01:12,400, tí «kì í fi Ẹ̀yọ̀ ṣeré.» sì parí ní 00:01:15,600, yóò sọ méjèèjì di ẹyọ kan, yóò mú ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ àti òpin ti ìkejì, yóò sì tún nọ́ńbà gbogbo tó kù tò. Níbi tí kò bá sí àmì ìdánudúró, bó ṣe sábà máa ń rí nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì ló fi ń mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n gbé àlàfo náà sí, ṣùgbọ́n mo fi kún un, nítorí àwọn àgbà tí mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀ kì í kánjú sọ̀rọ̀.

UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, ló fi ń kọ fáìlì, nítorí náà ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn kò di àmì ìbéèrè, bí wọ́n ti ṣe lọ́wọ́ script mìíràn tí mo lò ṣáájú.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀ sọ. Bí èsì bá tètè tẹ̀lé ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò fi àmì parí, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹnu kan ló ti jáde. Nígbà tí mo fi tó wọn létí ní ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní kí n máa fi ọwọ́ ara mi fi dáàṣì síwájú ọ̀rọ̀ ẹni kejì, ìyẹn iṣẹ́ tí mo sanwó kí n má baà ṣe! Fún ìwàásù tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnìkan, ó tó owó rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe fíìmù, kó ní sùúrù títí wọn yóò fi tún un ṣe.