Ẹ́ńjìnnì rotary: tokunbo, èyí tí wọ́n tún tò, àbí èyí tí wọ́n kọ́ fún RPM gíga, èwo ni kẹ́ ẹ fowó rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ẹ́ńjìnnì rotary (èyí tí rotor onígun mẹ́ta ń yí nínú ẹ̀ dípò písítìnì) fún Mazda RX-8 tàbí RX-7 yín, ẹ gbọ́ mi kẹ́ ẹ tó kó owó sílẹ̀. Ní Ìkòròdú níbí, àwọn tó ń wa ọkọ̀ yìí ò pọ̀, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "ẹ̀gbọ́n, apex seal wo ni kí n rà tí mo bá fẹ́ kó máa lọ 10,000 RPM?" Apex seal ni ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dí etí igun rotor kọ̀ọ̀kan, RPM sì ni iye ìgbà tí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè yẹn ò burú, òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú ni. Ọ́ìlì, bérín àti ṣáàfù ló ń kọ́kọ́ pa rotary tó bá ń sáré àsájù, ẹ̀yìn wọn ni seal ń bọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Tí ṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, rotor á yí lẹ́ẹ̀kan péré, torí náà 9,000 tẹ́ ẹ ń rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ti ṣáàfù ni, rotor fúnra ẹ̀ wà ní 3,000. Ìdí nìyẹn tí rotor kì í fi í tètè rẹ̀. Àmọ́ ṣáàfù yẹn, bérín méjì péré ló gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò sóhun tó gbé àárín ẹ̀ ró, rotor méjèèjì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà á síbí fà á sọ́hùn-ún. Ìfà yẹn kì í sì í rọra pọ̀ bí RPM ṣe ń pọ̀ o, láti 7,000 dé 10,000 ó ti di ìlọ́po méjì. Ṣáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, rotor á lọ máa gbo irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mo ti fojú rí i. A tú ẹ́ńjìnnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìgbógbó, ẹni tó tà á ní wọ́n ti kọ́ ọ fún eré, lóòótọ́ carbon seal ló wà nínú ẹ̀, kò sì sóhun tó ṣe seal yẹn. Bérín ló ti bó, àwọ̀ bàbà ti yọ, tẹ́ ẹ bá fi èékánná gba orí ẹ̀ ẹ máa mọ ibi tó ti jẹ sí. Ẹ̀gbẹ́ rotor iwájú ń dán níbi kan tí ò fẹ̀ ju orí àtàǹpàkò lọ, ibẹ̀ ló ti ń gbo irin. Nígbà tá a yẹ ọ́ìlì ẹ̀ wò, regulator tó ń ṣètò ọ́ìlì pressure, èyí tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ṣì ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí gan-an torí owó tí ọmọkùnrin tó ni ẹ́ńjìnnì yẹn kó lé seal tó láti ra bérín àti gíà tuntun.

Tokunbo bó ṣe wà ńkọ́? Òun lowó ẹ̀ kéré jù, òun náà ló léwu jù. Tó bá jẹ́ ti RX-8, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá oní-port 4 ni àbí oní-port 6 (port ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé). Oní-port 6 tó bá gíà manual wá, 9,000 ni pupa ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, oní-port 4, 7,500 ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìkejì fún yín ní owó ìkíní. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wọn kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ẹ̀ níṣojú yín, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn Camry o, torí ojú mẹ́ta ni rotor kọ̀ọ̀kan ní, ojú tó dáa jù nìkan nìyẹn máa fi hàn yín, méjì tó ti kú á fara pamọ́. Tó bá ń jí tó bá tutù tó wá ń kọ̀ tó bá gbóná, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ ò fẹ́ kó kú sí yín lọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12.

Èyí tí wọ́n tún tò pẹ̀lú pàátì ilé-iṣẹ́ ni mo máa mú fún ọ̀pọ̀ yín, ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tó fẹ́ tẹ iná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà Ṣágámù. Apex seal ilé-iṣẹ́, bérín tuntun, kẹ́ ẹ wá fi owó díẹ̀ kún un kí wọ́n gbé ọ́ìlì pressure sókè, àwọn tó ń kọ́ ọ máa ń gbé e dé nǹkan bíi 100 psi. Kí wọ́n balance rotor àti ṣáàfù pa pọ̀ pẹ̀lú counterweight ẹ̀ (irin wúwo tó ń mú kó dọ́gba), kì í ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí á gbé yín dé 9,000 láìsí wàhálà.

Tó bá jẹ́ 10,000 lẹ ń lé, ohun tẹ́ ẹ máa rà yàtọ̀ pátápátá: stationary gear (gíà tí kì í yí, tó di bérín mú) tí wọ́n ti fi iná mú le, bérín olójú púpọ̀ tí ọ́ìlì ń gba ibi tó pọ̀ wọ̀, rotor tí wọ́n ti ha kó lè fúyẹ́ tí wọ́n sì gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀ kó lè ráyè nígbà tí ṣáàfù bá tẹ̀. Àti port tó fẹ̀, torí tí ò bá rí afẹ́fẹ́ mí òfo ni 10,000 yẹn. Àmọ́ bridge port (irú port fífẹ̀ tí wọ́n gé kún) máa ń gbọ̀n gan-an tẹ́ ẹ bá dúró, ó sì ń mu epo bí omi, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni tó ń gba Ìkòròdú Road lójoojúmọ́ fọwọ́ sí i.

Ó wá ku seal. Ti ilé-iṣẹ́ le, ó ń pẹ́, àmọ́ ó wúwo díẹ̀, tí eré bá pọ̀ jù ó ń fò lára ògiri inú ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń fi ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sílẹ̀ bíi ti pákó ìfọṣọ. Carbon fúyẹ́, kì í ha ògiri, àmọ́ ó ń tètè jẹ, kò sì gba detonation (kí epo bú gbàmù láìtọ́) rárá, fífọ́ ló máa fọ́. Ceramic ló dáa jù fún RPM, òun ni Mazda fi sínú ọkọ̀ eré 787B tó gba Le Mans (ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí 24 ní France) ní 1991, owó ẹ̀ ló lágbára. Ẹ sì wò ó o, ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an, rotor mẹ́rin, 700 horsepower, 9,000 ni agbára ẹ̀ ti pé. Steel fún àwọn tó ní tọ́ọ̀bò ni, ó ń tẹ̀ dípò kó fọ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ máa po ọ́ìlì two-stroke díẹ̀ mọ́ epo yín, bá a ṣe ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 9,000, kó pààrọ̀ flywheel (àwo irin rìbìtì tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) cast iron tó bá ọkọ̀ wá sí ti steel kó tó ra nǹkan mìíràn. Èyí tó bá bú ní eré yẹn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń wakọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.