Wákàtí mẹ́sàn-án ní ìdúró: bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ṣe gbé wa wálé sí Ìkòròdú

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé-iṣẹ́ tí ó gbé èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, láti Kánádà wá sí Èkó ní oṣù Kejìlá, tí a sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú kan ní Yúróòpù. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni ó ni ìràwọ̀ méjèèjì, nítorí pé wọ́n tọ́jú wa dáadáa. Ohun tí ojú wa rí kí a tó wọ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Aago 11:15 àárọ̀ ni ó yẹ kí a gbéra, kí a sì dé Ìkẹjà kí ó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá, àkókò tí ó wà lójú pátákó yí padà sí 12:30. Ó tún di 14:00. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ àkókò kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan tí ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó, jókòó tì mí. Ó so ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní kókó sínú aṣọ ìnujú, ó ń tú u, ó sì ń dì í padà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè bá ti dún ni yóò fà mí láṣọ: "Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?" Èsì kan náà ni mo ń fún un: "Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni, mà. Wọn ò tíì pe tiwa."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n tó ní kí a lọ tò níwájú káńtà, òṣìṣẹ́ méjì péré ni wọ́n sì fi síbẹ̀ fún odidi ọkọ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo lò lórí ìlà yẹn, tí ọmọ mi sùn sórí báàgì tí mo ń fi ẹsẹ̀ tì síwájú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó ní àbùkù, wọ́n sì fún wa ní ìwé pélébé tí a lè fi ra oúnjẹ yúrò 10. Ká ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láàárọ̀ ni, inú ì bá má bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń gba Yúróòpù wálé mọ̀ pé òfin 261 ti ọdún 2004, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe, ń gbè lẹ́yìn èrò. Bí ọkọ̀ bá gbéra láti orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà, tí ìrìn rẹ̀ ju kìlómítà 3,500 lọ, tí ó sì fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé, yúrò 600 ni owó gbà-má-bínú tí ó tọ́ sí èrò kọ̀ọ̀kan, àfi bí ohun tí ó fà á bá kọjá agbára ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-ẹjọ́ àjọ náà sì ti dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 2008 pé àbùkù ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ àwáwí. Òfin yìí kan náà pàṣẹ kí wọ́n fún èrò ní ìwé tí ó là ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọn kò fún wa.

Aago mẹ́ta òru ni a balẹ̀ sí Èkó. Báàgì mi kan kò bá wa dé, mo sì tún tò láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àbúrò mi tí ó wá gbé wa ní òun kò ní gbé ọmọ kékeré àti ẹrù gba Kétu, Máìlì 12 àti Owódé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú ọkọ̀ rẹ̀ ni a jókòó sí títí di ìdájí. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere kí a tó gun afárá Màjídùn. Ní Ìgbógbó, màmá mi ti rin ewùrà láti ọ̀sán àná, ó ti se ìkòkorè tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ láyé, ó sì fi aṣọ bo ìkòkò náà mọ́jú. Ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa yẹn, ó sì dùn mí títí di òní.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ìdínwó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí. Mo kọ̀ ọ́, mo tọ́ka sí òfin náà, wọ́n sì san yúrò 1,200 fún àwa méjèèjì ní oṣù Kẹta. Mo ti bá ìyá àgbà Ẹ̀pẹ́ yẹn kọ tirẹ̀ náà, nítorí pé mo gba nọ́ńbà rẹ̀ kí a tó pínyà; owó tirẹ̀ ni a ṣì ń retí.