Olùdarí tó ń kọ ètò ìgbéyàwó fún tọkọtìyàwó: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà?

Àwọn olùdarí ìgbéyàwó kan, ìyẹn àwọn tó ń darí ètò níbi tí tọkọtìyàwó ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà fún gbogbo èèyàn, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Àwọn mìíràn á jókòó ti tọkọtìyàwó, wọ́n á gbọ́ ìtàn wọn, wọ́n á sì kọ ètò tó jẹ́ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iṣẹ́ àwọn kejì yìí là ń yẹ̀ wò. Ó tó owó tí wọ́n ń gbà, bí ẹni tí ẹ mú bá mọ̀ ọ́n dénú.

Ìbéèrè rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dáńtọ́ á fún ọkọ ní tirẹ̀, á fún ìyàwó ní tirẹ̀, á sì ní kí wọ́n má jọ dáhùn. Bí wọ́n bá jọ dáhùn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ni yóò sọ gbogbo ìtàn, èkejì á kàn máa mi orí. “Kí ló dé tí o fi fẹ́ràn rẹ̀?” kì í mú nǹkan gidi jáde. Èyí tó ń mú un jáde ni: kí ló ṣe fún ọ nígbà tí ara rẹ kò yá? Kí lẹ kọ́kọ́ jà lé lórí, báwo lẹ sì ṣe parí rẹ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ bi í bóyá ẹ máa rí ìtàn náà kí ọjọ́ tó pé. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn, nítorí ó lè ka ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ẹbí gbọ́ síta.

Ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó fún gbogbo ètò. Ẹni tó ń kàwé sókè láìkánjú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà, kí ìtàn yín má kọjá ọ̀rọ̀ 800.

Ẹ̀jẹ́ ni owó yín ti wúlò jù. Ọ̀rọ̀ 150 sí 200 tó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olùdarí ní ìkọ̀kọ̀, kó lè wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ọkọ bá kọ ìlà mẹ́ta, tí ìyàwó kọ ojú ìwé méjì, ojú ọkọ á tì í níwájú àwọn àlejò. Olùdarí tó mọṣẹ́ á tún un ṣe láìtú àṣírí ẹnì kan fún èkejì. Inú ìwé pélébé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má kà á lórí fóònù: fóònù lè ti ara rẹ̀ pa láàárín ọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì hàn lójú yín nínú fọ́tò.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ wo àwọn nǹkan kéékèèké. Ṣé ó rántí láti ní kí àwọn èèyàn jókòó lẹ́yìn tí ìyàwó wọlé? Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé, àlejò á sì wà lórí ìdúró. Ṣé ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó fẹnu ko ara yín lẹ́nu, kó má bàa wà nínú fọ́tò náà? Máìkì tó há mọ́ aṣọ rẹ̀ kì í sábà gbé ohùn yín dáadáa, nítorí náà kí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú wà nítòsí nígbà ẹ̀jẹ́. Níta gbangba, atẹ́gùn á pa àbẹ́là tí àwọn tọkọtìyàwó kan máa ń jọ tàn láti fi hàn pé wọ́n ti di ọ̀kan. Ẹ fi iyanrìn aláwọ̀ méjì tí ẹ ó jọ dà sínú ìgò rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Ní England àti Wales, olùdarí aládàáni, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí àlùfáà, kò láṣẹ láti so yín pọ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tòfin lọ́tọ̀. Ní àwọn ibòmíràn kan ó láṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn gbólóhùn kan wà tí òfin ní kí ẹ sọ bó ṣe wà gan-an. Kí ó fi àwọn wọ̀nyẹn hàn yín kó tó kọ ìyókù.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò dúró fún olùdarí sí bí àìsàn bá dé, kí ẹ sì rí i pé ẹni náà yóò gba ètò tí olùdarí ti kọ sílẹ̀ fún yín.