Kíláàsì orin ọmọdé tí mo kó àwọn ìbejì mi lọ ní Bodija: kíbọ́ọ̀dù ò dáa, tíṣà dáa

Ẹ jẹ́ n tètè sọ máàkì tí mo fún wọn kẹ́ ẹ má baà kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀: 3 nínú 5. Tíṣà kan ṣoṣo ló gba 2 nínú 3 yẹn o.

Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni. Táyé ni gbogbo ẹbí mọ̀ sí olórin. Kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ló ti ń fi ṣíbí lu abọ́, tá a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì á lọ dúró ti àwọn onílù, á máa jó, àwọn màmá ìjọ á sì máa ná an lówó. Kẹ́hìndé ò ní ṣe nǹkan kan ní tiẹ̀, á kàn jókòó tì mí, á máa wo gbogbo wa bíi pé àwa la wá ṣeré fún un. Torí Táyé ni mo ṣe ń wá kíláàsì orin kiri, èkejì kàn tẹ̀ lé wa ni torí mi ò rẹ́ni fi í tì lọ́jọ́ Sátidé.

Ibi tá a lọ wà ní Bodija, n'Íbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. ₦45,000 lọ́mọ kan, Sátidé mẹ́wàá, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé wọn ò lè yọ nǹkan kúrò nínú ti ìbejì, àǹtí tó ń gbowó ní "Mọ́mì Ìbejì, ẹnu méjì náà ni wọ́n máa fi kọrin o." Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Wọ́n tún ní ọwọ́ àwọn nìkan la ti lè ra fèrè rìkọ́dà, ₦6,500, irú èyí tí mo rí ní Dùgbẹ̀ ní ₦2,500, ọ̀sẹ̀ karùn-ún làwọn ọmọ sì tó fẹnu kàn án.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ń bí mi nínú títí di òní. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú kó kọ orin tó bá wù ú. Èyí tó bá láyà, wọ́n á kọ ọ́ sí "Talented". Èyí tó bá tijú, "Fun". Ó parí. Táyé jáde, ó kọrin, ó fi jó kún un, ilé pàtẹ́wọ́, Talented. Kẹ́hìndé dé iwájú, ó wo bàtà ẹ̀, ó wo ojú mi, ó rọra padà wá jókòó. Fun. Àwọn Talented á sì fi ₦10,000 lé owó wọn. Mo san án, kí n má parọ́, inú mi ń dùn nígbà tí mo ń san án.

Ti irinṣẹ́ wọn, ó kù díẹ̀ káàtó. Kíbọ́ọ̀dù mẹ́fà fún ọmọ méjìlélógún, lórí èyí tó kan Táyé, key méjì ò dún rárá, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé tó bá ti dún kò ní dákẹ́ mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá paná ẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn mọ́. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí ò tó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó mọ ohun tí mo sanwó fún. NEPA mú iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń dún hùùùn. Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ àwọn Fun, ó gbórí lé tábìlì, ó ń kùn. Èmi rò pé oorun ló ń kùn ún. Búọ̀dá tíṣà tó ń kọ́ àwọn Talented ń kọjá lọ, ló bá dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọmọ náà. Ó lọ tẹ key kan lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi bátìrì sí, ohùn kan náà ni ọmọ, jẹnẹrétọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ń gbé. Ibi tá a ti ń wo ara wa lẹ́nìkan ti ki kẹ́tù bọ iná ní ọ́fíìsì, jẹnẹrétọ̀ fà, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, Kẹ́hìndé náà bá a wálẹ̀. Kò gbórí sókè o. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń wo òun.

Búọ̀dá náà ní "Mọ́mì Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn méjèèjì." Ó to àwòrán márùn-ún sílẹ̀: igbá, ìgbá tí à ń jẹ, ọkọ̀, ẹja àti bàtà. Ó gbé gángan sábíyá, ó ní ohun tí ìlù bá pè ni kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn, èmi tí mo ń fi dò re mí sàmì sórí ọ̀rọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò ronú ẹ̀ rí pé èèyàn lè fi yẹ etí ọmọ wò. Ìlù ní re mí, Kẹ́hìndé fọwọ́ kan igbá. Ìlù ní dò mí, ó kan ìgbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n lù ú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣì. Táyé ń gbé ẹja nígbà tí ìlù ń pe ọkọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà búọ̀dá kọ orin kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì láìlọ́rọ̀, ó yí ohùn kan padà nínú èkejì, ó bi wọ́n bóyá ọ̀kan náà ni. Táyé ní ọ̀kan náà ni. Kẹ́hìndé ní "Rárá, ìparí ẹ̀ ti gun òkè."

Mo ti fẹ́ máa bínú sí owó Talented tí mo san, àfi ìgbà tó ní kí wọ́n máa rìn tẹ̀ lé ìlù. Bó ṣe ń sáré sí i tàbí tó ń falẹ̀ ni ẹsẹ̀ Táyé ń yí lójú ẹsẹ̀, Kẹ́hìndé ń rìn bí ẹni ń lọ sọ́jà. Búọ̀dá sọ pé ẹ̀bùn ohùn ọ̀tọ̀, ẹ̀bùn ìlù ọ̀tọ̀, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Edwin Gordon dán méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà ayé ẹ̀, òun náà ló sì sọ pé títí ọmọ á fi tó bí ọdún 9, ohun tó bá ń gbọ́ láyìíká ẹ̀ lè mú ẹ̀bùn náà ga tàbí kó fà á wálẹ̀. Mo bi í pé ṣé kí n wá ra kíbọ́ọ̀dù sílé, mo ti ń ná ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní kí n fowó mi sápò ná. Ó ní ọmọ kì í kọ́ A B D kó tó pe ìyá ẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni Suzuki ará Japan ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní fáolíìnì, etí ló kọ́kọ́ máa ń kún, ìyá tàbí bàbá á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Èmi ní lọ́kàn mi pé ṣebí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé Àyàn nìyẹn, ọmọ á tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ òde àríyá, omele ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, ọdún á gorí ọdún kó tó gbé ìyáàlù.

Ní báyìí tá a bá wà nínú mọ́tò, màá kọrin dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, màá dákẹ́. Táyé á pariwo ọ̀rọ̀ náà jáde, Kẹ́hìndé á dúró díẹ̀, á wá fi ohùn ibẹ̀ gan-an parí ẹ̀. Bàbá wọn ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ òun di Fela ni. Mo ní Fela tí wọ́n rán lọ London ní 1958 kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, tó wá forúkọ sílẹ̀ ní Trinity College of Music? Kò dá mi lóhùn, ìwé ìròyìn ló ń kà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn ọ́fíìsì ní Kẹ́hìndé ti di Talented, kí n mú ₦10,000 wá. Mo ní kí wọ́n gbé Táyé padà sí Fun kí owó ọwọ́ wọn lè kájú ẹ̀. Àǹtí náà ò rí èsì fọ̀, ó lọ pe ọ̀gá, ọ̀gá ní kí n má ṣèyọnu, kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jókòó sínú kíláàsì, ẹ má lọ dúró sínú mọ́tò, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí ọmọ yín bọ́ sọ́wọ́ búọ̀dá tó ń gbé gángan yẹn. Táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo pè wọ́n lánàá pé ṣé búọ̀dá yẹn ṣì wà níbẹ̀, àǹtí ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná, òun á wá bá mi wádìí ẹ̀. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi.