Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù MBA: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ ṣe MBA, oyè kejì nínú àkóso òwò, orúkọ yunifásítì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ìwé-ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín ló ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ lè gbà wọlé, ohun tí ẹ sì fẹ́ fi oyè náà ṣe ló ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ náwó sí. Ẹni tó ń wá ìgbéga ní báǹkì àti ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì kò gbọdọ̀ ra fọ́ọ̀mù kan náà.

MBA àbí M.Sc.?

Ní Nàìjíríà, oyè iṣẹ́ ni wọ́n ka MBA sí, M.Sc. ni ti ẹni tó ń lọ sídìí ìwádìí. Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn títí di ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ wọ Ph.D. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni kì í fi MBA lásán gbani sí Ph.D.: wọ́n á ní kí onítọ̀hún lọ gba M.Sc. tàbí M.Phil. (oyè ìwádìí tó ṣáájú Ph.D.) ná. Owó tuntun nìyẹn, àkókò tuntun sì ni. Torí náà, bí iṣẹ́ olùkọ́ bá wà lọ́kàn yín, M.Sc. ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì lé máákì, nítorí kì í ṣe pé ẹ yege nìkan ni wọ́n máa wò.

M.Sc. náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Kíláàsì á ti parí, orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí á ṣì wà lórí tábìlì alábòójútó, ọdún á sì máa yí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó kàn fẹ́ mọ ìṣúná, títajà àti àkóso èèyàn, kò nílò làálàá yẹn. MBA ló bá a mu.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹni tó ní B.Sc. pẹ̀lú Second Class kò ní wàhálà púpọ̀. Third Class àti HND ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Àwọn MBA kan ń gba HND Upper Credit tí ìrírí iṣẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, sì máa ń ranni lọ́wọ́ níbòmíì. Lower Credit àti Third Class sábà máa ń gba ọ̀nà PGD kọjá, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn HND tàbí dìgírì kí wọ́n tó bọ́ sí oyè kejì. Ẹ má fi PGD ṣeré: ẹni tó bá kàn rá pálá yege lè má rí ìlò rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kulẹ̀ ni WAEC. Wọ́n ṣì máa béèrè krédíìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú rẹ̀. D7 kì í ṣe krédíìtì; C6 ló kẹ́yìn. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè transcript (àkọsílẹ̀ máákì yín) náà ṣáájú fọ́ọ̀mù, torí ilé-ẹ̀kọ́ yín àtijọ́ ni yóò fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ ó gbé lọ́wọ́. Obìnrin tó ti lọ́kọ tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà, kí ó to ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ pọ̀.

Nílé

Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 tó sì wà lábẹ́ Pan-Atlantic University, ni ó wọ́n jù nínú àwọn tó wà nílé tí a ń fi wéra yìí. Ó ní ìfọwọ́sí AMBA àti AACSB, àwọn àjọ àgbáyé tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ òwò wò, èyí tó wúlò bí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé náà lọ sókè òkun. Ẹni tó bá yan full-time máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Executive MBA wà fún ọ̀gá tó ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì jẹ́ apá ńlá nínú ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ ka ọ̀nà mọ́ owó náà o: Ajah ló wà, ẹni tó ń ti Ìkẹjà lọ mọ ohun tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lè fojú ẹni rí.

UNILAG, UI àti OAU dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ wọn sì ń ṣiṣẹ́ níwájú agbanisíṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ni ewu ibẹ̀: ti ASUU ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Bí ìgbéga yín bá ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí, ẹ fi àlàfo sílẹ̀.

NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti ń kàwé láti ọ̀nà jíjìn, ló rọrùn fún ẹni tí iṣẹ́ ń gbé láti ìlú dé ìlú. TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún yín máákì lé lórí, kó máákì 30, ìdánwò kó 70. Iye owó lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń san, owó ìdánwò sì dá dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, wọ́n á gbàgbé ti ìdánwò, sáà yẹn á sì bá wọn nílé. Kò sí olùkọ́ tí yóò lé yín kiri. Ẹni tí kì í kàwé láìsí kíláàsì, kó má dé ibẹ̀.

Òkè òkun

Bírítéènì ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ, torí ọdún kan ni. MBA ibẹ̀ sábà máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. MSc Management wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán. Láti January 2024, ẹni tó ń lọ fún irú oyè yìí kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Ìwé àṣẹ láti dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tó jẹ́ ọdún méjì, yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè fún un láti January 1, 2027. Owó ìlera £776 lọ́dún wà lọ́tọ̀. Owó tí ẹ ó fi hàn ní báǹkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè kọ físà náà.

Amẹ́ríkà ń gba ọdún méjì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì ń béèrè GMAT tàbí GRE, àwọn ìdánwò àṣewọlé fún oyè kejì. GMAT tòní gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, ìpín mẹ́ta oníṣẹ̀ẹ́jú 45, máákì rẹ̀ láti 205 dé 805, ó sì ń wúlò fún ọdún márùn-ún. HND nìkan ṣòro láti lò níbẹ̀, nítorí dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin ni wọ́n ń retí. Ẹ béèrè bóyá MBA náà wà lábẹ́ STEM (ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò): ẹni tí tirẹ̀ wà níbẹ̀ lè fi oṣù 24 kún oṣù 12 tí wọ́n ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.