Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "owó Róòmù" lójú ọ̀nà Volubilis

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ máa ń lọ síyárà Shehu Ahmad Tijani ní Fez, ní Mòrókò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹsẹ̀ dé ìlú Moulay Idriss lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Orí òkè Zerhoun, lẹ́yìn Meknes, ni ìlú náà wà: ilé funfun lé ilé funfun, ọ̀nà tóóró tó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń báni dù ú. Ibẹ̀ ni sàréè Idris àkọ́kọ́, àrọ́mọdọ́mọ Ànábì, tó dé agbègbè yẹn ní 788, tó sì kú ní 791. Téèyàn bá dúró lókè yẹn, á máa wo àwọn òpó òkúta Volubilis nísàlẹ̀, ìlú táwọn ará Róòmù fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín, bíi wákàtí kan. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Ọkùnrin kan yọ sí àwa mẹ́ta láàárín igi ólífì. "Nàìjíríà! Okocha!" Bó ṣe kí wa nìyẹn. Ó bá wa rìn, kò béèrè kọ́bọ̀. Ó ní àgbẹ̀ ni bàbá òun, pé ibi tó ti ń túlẹ̀ ni owó àtijọ́ ti hú jáde. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tú aṣọ ìnujú kan: owó ẹyọ mẹ́ta, tí àwọ̀ ewé ti bò, tí orí ọba wà lára wọn. Ó ní Caracalla, ọba Róòmù ayé àtijọ́, ni.

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Òótọ́ ni pé Caracalla wà. Ẹnubodè ńlá olókùúta tó wà ní Volubilis, òun ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 217, torí ó sọ wọ́n di ọmọ onílùú Róòmù, ó sì fowó orí jì wọ́n. Mo ti kà á kí n tó wá, mo wá rò pé ẹni tó mọ̀ tó báyìí kò lè purọ́. Ọ̀kánjúwà náà wà níbẹ̀, mi ò ní tàn yín. 1,500 dírámù ló pè é. Mo ná an dé 900 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì búra "Wallahi" lé e.

Ní òtẹ́ẹ̀lì ní Fez, mo jù wọ́n sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ. Kò pẹ́ tí omi náà fi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ewúro. Ọ̀dà ni! Mo gbé wọn sábẹ́ iná, mo rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan po, ibi tí mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ òòlù ni àwọn ará Róòmù fi ń lu owó wọn jáde, wọn kì í dà á bí ìkòkò. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ibi kan náà ló kán lára méjì nínú wọn, níwájú imú ọba gééré. Ṣé wọ́n jọ ṣubú ni?

Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, ìyẹn ì bá tún burú jù. Òfin Mòrókò kò gbà kéèyàn kó nǹkan àtijọ́ jáde láìgbàṣẹ. Pápákọ̀ òfurufú ni wọn ì bá ti dá mi dúró, màá wá máa ṣàlàyé bàbá àgbẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Torí náà ẹ má béèrè iye tó ń tà á. "Lā, shukran" (rárá, ẹ ṣé) ẹ̀ẹ̀kan, ẹ máa lọ. Èmi dúró nájà, ó tán.

Bí ẹ bá fẹ́ afinimọ̀nà, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí máa ń ní báàjì. Ẹ bá a sọ iye kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Tí takisí ló bá gbé yín lọ, ẹ má sanwó tán títí á fi gbé yín padà, torí mọ́tò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ibẹ̀ dára o, mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹyẹ àkọ̀ kọ́ ìtẹ́ sórí òpó, àwòrán Orpheus, olórin inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀ ṣì wà nínú oòrùn, òun àtàwọn ẹranko rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí imú Caracalla méjì yẹn, kó yà sílé mi n'Íbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni.