Edale: Ibi Ìpàgọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kinder Scout Láìní Mọ́tò

Ẹni tó ń gbé Manchester tàbí Sheffield, tí kò ní mọ́tò, tó sì fẹ́ sùn sínú àgọ́ kó lè tètè gun òkè Kinder Scout láàárọ̀, Edale ni kó lọ. Abúlé kékeré ni, ní Derbyshire nílẹ̀ England, ojú irin tó so ìlú méjèèjì pọ̀ ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló kù. Pápá tó ń jẹ́ Fieldhead wà láàárín abúlé, àwọn oko míì tó ń gba alágọ̀ọ́ sì wà káàkiri àfonífojì náà.

Ìsúnmọ́ òkè ni ẹ ń sanwó fún, kì í ṣe fàájì. Koríko, omi ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ ti tó. Tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Edale ni Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gùn tó máìlì 268, tí wọ́n ṣí ní 1965. Èrò kì í wọ́n níbẹ̀.

Ibi tí ẹ bá pàgọ́ sí ló máa sọ bí oorun yín ṣe máa rí. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, á sì gbára jọ sí ẹ̀bá odò. Ẹ̀bá odò wù ojú lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ìrì ti máa ń rin àgọ́ jù. Ẹ sún sókè díẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí orí èèkàn fì sẹ́yìn, kó má kọjú sí àgọ́, kí ẹ sì gbá a wọlé títí tó fi ku kìkì ìkọ́ rẹ̀. Aṣọ náílọ́ọ̀nù máa ń dẹ̀ bí omi bá mu ún, torí náà ẹ tún okùn fà kí ẹ tó sùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dí gbogbo ihò atẹ́gùn àgọ́ nítorí òtútù. Èémí wọn á wá di omi lára aṣọ, á máa kán lé wọn lórí, wọ́n á sì rò pé àgọ́ ń jò. Ẹ ṣí i sílẹ̀. Ilẹ̀ gan-an ló ń fa ooru ara, torí àpò ìsùn tí ẹ dùbúlẹ̀ lé ti fún pọ̀, kò lè gba ooru dúró mọ́. Ẹní tí R-value rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà òtútù ilẹ̀, kò tó 3 kò ní gbà yín ní oṣù kẹrin.

Ẹ ra oúnjẹ láti ìlú. Gààrí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ dára gan-an: kò wúwo, kò sì ní gáàsì í ṣe. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ o, á jẹ gáàsì yín tán. Gáàsì butane lásán kì í jó dáadáa bí òtútù bá mú. Èyí tí wọ́n pò mọ́ propane ni kí ẹ rà. Ẹ má dáná nínú àgọ́ láé, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa èèyàn lójú oorun.

Kinder Scout fúnra rẹ̀ ga ní mítà 636. Ẹ gba Upper Booth, kí ẹ gun àtẹ̀gùn òkúta Jacob's Ladder, kí ẹ tọ etí òkè dé Kinder Downfall. Bí atẹ́gùn bá le láti ìwọ̀ oòrùn, á gbé omi tó ń já bọ́ níbẹ̀ padà sókè, á sì rin ẹni tó bá dúró létí rẹ̀. Orí òkè yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ lọ ní 24 oṣù kẹrin, 1932, láti fi béèrè ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ò jẹ́ kí ará ìlú dé. Márùn-ún nínú wọn ló ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ má gé àárín òkè náà kọjá nínú ìkúukùu: ẹrẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí àmì tó yàtọ̀ síra. Ẹ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé gbára lé.

Àléébù ìpàgọ́ ní Edale kò ju ariwo ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ wo àsìkò ọkọ̀ ìkẹyìn kí ẹ tó gbéra: kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ láàárín Manchester àti Sheffield ló ń dúró ní Edale.